Ìròyìn Tó Wúwo Tó Dá Ilẹ̀kùn Dúró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ọkùnrin inú rẹ̀ kì í ka nǹkan dé òpin, ẹ sì máa rí ibi tó bá a dé.

1. Ọ̀gá Ọlọ́ṣẹ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ìjọba ìlú rẹ̀ ò dúró sójú kan: lónìí wọ́n á ní kí epo wọlé láti òkèèrè, lọ́la wọ́n á ní kó dúró sẹ́nu ibodè. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó fẹ́ ta ilé iṣẹ́, kí òun àtìyàwó rẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Iléeṣẹ́ ńlá kan ní àwọn á rà á, kó kọ́kọ́ fi ìròyìn ọdún ránṣẹ́.

2. Ìyàwó rẹ̀ kọ ojú ewé mẹ́ta tó yéni yékéyéké. Ọ̀gá ka ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá àwọn ọmọ, èyí tí ọmọ iléèwé lè kà, ṣé ìròyìn nìyẹn?"

Ó gba akọ̀wé kan tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kì í yé ara rẹ̀. Ìwé tí akọ̀wé náà kọ nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá ò kà á. Ó gbé e wò, ó ní ó wúwo, ó ti dáa. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́, ó fi èkejì dá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì dúró, torí bí ilẹ̀kùn yẹn bá padé, kì í ṣeé ṣí láti inú tàbí láti ìta. Ó ní ẹni tó bá ra ilé iṣẹ́ ni yóò tún un ṣe.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ síwèé, ìjọba tún ti ẹnubodè. Obìnrin tó ń ṣojú àwọn olùrà pè é lórí fóònù. Ó ní ìwé náà ò yé àwọn, ìbéèrè kan ló kù.

"Bí epo ò bá wọlé mọ́, sà, kí lẹ máa fi se ọṣẹ?"

"Ó wà nínú ìwé."

Ó fa ìwé yọ lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn padé gbàm. Ó ń ṣí ojú ewé, ó ń làágùn. Gbogbo rẹ̀ dà bí igbó kan náà. Ìyàwó rẹ̀ kanlẹ̀kùn.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí ni wọ́n bi yín?"

Ojú ń tì í. "Nǹkan kékeré ni."

Obìnrin orí fóònù dúró títí. "Ẹ má bínú, sà. Òfin ìjọba ò yé wa, ìwé yín náà ò yé wa. Ọ̀kan la lè fara dà."

Wọ́n lọ ra ilé iṣẹ́ alábẹ́là tó múlé tì í.

4. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló yọ ọ́. Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́ ìbéèrè náà.

"Ó wà ní ojú ewé kẹta ìwé tèmi. Mo ti bá àwọn àgbẹ̀ kan ṣàdéhùn epo."

Ẹnubodè ṣì wà ní títì. Àwọn àgbẹ̀ ti gbé epo wọn lọ bá alábẹ́là. Kò sólùrà mọ́. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà kúrò pátápátá. Ọ̀gá ṣì wà nínú ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tà, ẹ kọ ọ́ kó yéni, pàápàá nígbà tí ìjọba ò bá ṣeé gbára lé. Ohun tí ò bá sì yé yín, ẹ bi ará ilé yín kí ilẹ̀kùn tó padé. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.