Ẹja Inú Ewé

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fa fìlà bojú. "Gbádégẹṣin, jẹ́ kí n lọ ilé kejì."

Gbádégẹṣin, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣiṣẹ́, rẹ́rìn-ín. "Òórùn ẹja ló ń lé ọ ni? Ilé opó yìí ni ọ́fíìsì yunifásítì ní ká wá tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àbí o mọ ẹnìkan ní Bàrígà?"

"Èmi kẹ̀? Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí."

Opó tó ń yan ẹja gbọ́. Ó yíjú sí iná.

Nígbà tí wọ́n bo òrùlé rẹ̀ tán, ó fi ewé di ẹja fún olúkúlùkù. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ ọlọ́mọ."

Nínú lọ́rì, àwọn yòókù ń tu eegun sójú ọ̀nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tú ewé tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti yọ gbogbo eegun kúrò, bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí eegun ti há ọmọ rẹ̀ lọ́fun ní kékeré.