Iye Tó Yẹ Ilé Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n ló ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó fẹ́ fi ilé sí ìnṣọ́ránsì, kò sì fẹ́ sanwó fún ẹni tí yóò bá a ṣírò iye rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí àbúrò ń ṣe nìyẹn. Àbúrò dé lọ́sàn-án Sátidé. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó kan ilẹ̀kùn.

Ilé bàbá wọn ni. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá wọn ló yàtọ̀. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ àgádágodo, ó da ẹrù ìyá àbúrò síta, ó ní kò bímọ ọkùnrin, kí ló fẹ́ fi ilé ṣe? Inú yàrá àyágbé kan tí òjò ń jò sí ni obìnrin náà kú sí, tó ń béèrè títí dópin pé ta ló ń bá òun gbá àgbàlá òun.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé. Àbúrò kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Àbúrò mi àtàtà, wọlé," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Iye kékeré ni kó o kọ o, kí owó tí mo máa san lè kéré. Ta ni iná fẹ́ jó ilé rẹ̀?"

Àyè ẹ̀san gba àbúrò wàyí. Bó bá kọ ìdajì iye ilé, tí iná bá sọ, ìdajì ohun tó bàjẹ́ ni iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa san, kódà bó bá jẹ́ ilé ìdáná nìkan ló jó. Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀. Àbúrò sọ fún un.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kì í ṣe iye tí ẹ lè tà á là ń wò. Iye tó máa ná yín láti tún un kọ́ ni: búlọ́ọ̀kù, òrùlé, owó bíríkìlà, owó àwọn tó máa kó àwókù kúrò nílẹ̀. Ká wá ka ẹrù inú ilé lọ́tọ̀."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ kì í jóná."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀. Ìyá Ìbejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Aránṣọ ni. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ẹ̀yìn, àbúrò nawọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Ìyàwó wa, tiyín nìyí àbí?"

Kí obìnrin náà tó lanu, ọkọ rẹ̀ ti dáhùn. "Tèmi ni. Kò sóhun tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ilé yìí. Ìyàwó tí mò ń gbé bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ló máa lò wọ́n. Eléyìí ń padà sílé bàbá ẹ̀, tòun taṣọ ọrùn ẹ̀."

Owó aṣọ tí Ìyá Ìbejì rán ló fi ra àwọn ẹ̀rọ náà, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún gbá ibi tó ti gbá tán.

Bí ìṣírò ṣe ń gòkè, ojú ẹ̀gbọ́n ń dán sí i. "Tó bá jóná pátápátá, ṣé gbogbo iye yìí ni wọ́n máa san?"

"Iye ohun tó bá jó ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kọ ju bó ṣe yẹ lọ."

"Ta ló máa wá wò ó nínú eérú? Fi ilẹ̀ sí i."

Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bàbá Ìbejì, ẹ ò mà ka wúrà ìyá yín."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ta wúrà náà. Ẹ̀gbọ́n wo ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Orí ẹ pé lónìí o!"

"Mo ti kìlọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò wí. "Ìyàwó wa, ẹ ṣáà gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Àǹtí."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye náà sínú fọ́ọ̀mù. Ó di ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ ilé náà. Nígbà tó béèrè ohun tí òun máa fún àbúrò, àga ìyá tirẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ṣítọ́ọ̀ nìkan ni àbúrò tọrọ. Òun àti Ìyá Ìbejì jọ gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ìyàwó ilé tó padà wọlé.

Kí oṣù tó parí, Ìyá Ìbejì kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lọ́sàn-án, ó fi fóònù pe ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà pé ara ọmọ kan gbóná, kó bá òun mú oògùn lórí pẹpẹ ilé ìdáná. Àwọn aládùúgbò rí i tó sáré wọlé, wọ́n rí i tó sáré jáde lọ́wọ́ òfo. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí èéfín fi gba òrùlé. Kí àwọn panápaná tó dé, ó ku ògiri.

Ẹ̀gbọ́n sunkún níwọ̀nba. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí àbúrò ti ń ṣiṣẹ́, ó wá gbowó. Àwọn ọlọ́pàá ló bá níbẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni ọ̀gá wọn wí. "Èèyàn ò lè kọ ìlọ́po mẹ́ta sórí ilé rẹ̀, kílé náà jó lóṣù kan náà. Kí lo sáré wọlé lọ ṣe lánàá?"

"Ìyàwó mi ló rán mi níṣẹ́! Ẹ bi àbúrò mi, òun ló bá mi ṣírò rẹ̀!"

Àbúrò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi irọ́ kan kún un. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Ìbejì. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dárí jì mí, mi ò lè purọ́. Àǹtí kìlọ̀ fún yín."

Wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó ń pariwo pé kí ìyàwó òun má fi òun sílẹ̀, pé obìnrin náà nìkan ló kù tí òun ní.

Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé e lọ tán, àbúrò mú Ìyá Ìbejì dé ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn iléeṣẹ́, ó fún un lọ́ṣẹ, ó ní, "Ẹ tún ọwọ́ fọ̀, ìyàwó wa, kẹrosíìnì ṣì ń run lábẹ́ èékánná yín."