Ohùn Tó Ń Kí Àǹtí Mojí Láràárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi tí ẹ fi àgbà sílé.

1.
Àǹtí Mojí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìgbẹ̀ìn, l'Ábẹ́òkúta, ló tọ́ Pamílẹ́rìn, ọmọ àbúrò rẹ̀, dàgbà. Nígbà tí ọmọ náà dé Kánádà, kò sí àárọ̀ tí kì í pè é. Ojú Àǹtí ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ tó bá ti gbọ́ ohùn yẹn, á fi oríkì ọmọ náà dáhùn pé, "Àjíkẹ́ mi," ara rẹ̀ á sì yá kó tó mu ògì àárọ̀.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀ fún Pamílẹ́rìn. Ìpè àárọ̀ wá di ẹrù.

2.
Ó wálé fún ọdún Àjíǹde, ó ra fóònù tuntun fún Àǹtí, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì tò ó kó máa dún fúnra rẹ̀ láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ jíire?" Á dákẹ́ díẹ̀. "A dúpẹ́. Ara ńkọ́?" Á tún dákẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dàbọ̀, Àǹtí mi."

Ẹ wo ọgbọ́n àgbọ́njù. Ta ni kò mọ ìdáhùn ìkíni sórí nílẹ̀ wa? Àǹtí gbà pé ọmọ òun ló ń pè.

Bàṣírátù, ayálégbé tó wà ní yàrá kejì, ń gbọ́ wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú: ohùn náà kì í rẹ́rìn-ín tí Àǹtí bá ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ tí Àǹtí bá sì dákẹ́, ohùn náà á ṣì dúpẹ́.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Bàṣírátù ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

"Ṣé ẹ jíire?"

"Àjíkẹ́, àyà ń dùn mí."

"A dúpẹ́. Ara ńkọ́?"

"Mi ò lè dìde, ọmọ mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dàbọ̀, Àǹtí mi."

Bàṣírátù fẹ́ kan ilẹ̀kùn, àmọ́ ó ní bí ọmọ tó gbọ́ ò bá fòyà, kí ni tòun? Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ó ní kóun yọjú sí Àǹtí. Àǹtí ti tutù. Fóònù náà ṣì wà létí rẹ̀.

4.
Pamílẹ́rìn wálé wá sìnkú. Yàrá Àǹtí ló sùn sí. Iná fóònù náà ti tán láti ọjọ́ tí Àǹtí kú, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ló wà, ẹnikẹ́ni ò sì fi iná sí i.

Ilẹ̀ mọ́. Ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú dúrọ́ọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ jíire?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pamílẹ́rìn lórí ibùsùn.

"Àjíkẹ́, àyà ń dùn mí."

"A dúpẹ́. Ara ńkọ́?"

"Bá mi pe Bàṣírátù."

Pamílẹ́rìn ya ẹnu, ó fẹ́ dáhùn, ó fẹ́ ké pe Bàṣírátù. Ohùn inú dúrọ́ọ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dàbọ̀, Àǹtí mi."

Pamílẹ́rìn ti padà sí Kánádà báyìí. Wọ́n ní kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí òun láàárọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ẹnu ara yín kí àgbà yín, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n bá fi dáhùn. Ẹ má ṣe rán ẹ̀rọ níṣẹ́ ìfẹ́, torí ẹ̀rọ ò mọ ọjọ́ tí ara ò yá. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú yín ò bá lè débẹ̀, ẹ jẹ́ kí etí yín débẹ̀.