Eku Tó Fẹ́ràn Àbújá

Ní ọdún 1987, nígbà tí ìjọba ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n kó wá sí Àbújá, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ti inú àìsàn kan bọ́ sí òmíràn kí wọ́n má baà kúrò l'Ékòó, Dókítà Ọládùnjoyè ní eku kan ní ilé ìwádìí rẹ̀ ní Gáríkì. Ó ti lu ihò sí agbárí eku náà, ó ti ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé.

Àpótí méjì ni dókítà so pọ̀, tí ó fi ihò kékeré sáàárín wọn. Ọ̀kan ní àgbàdo, omi tútù àti eku méjì mìíràn. Ó ń pe ìyẹn ní Èkó. Èkejì ṣófo, ó sì ṣókùnkùn; ìyẹn ni Àbújá. Bí Akọ̀wé bá ti ṣèèṣì wọ Àbújá, dókítà á tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ kan, iná á gba inú wáyà lọ sí ibi tí ìgbádùn ń gbé nínú ọpọlọ. Ó ní láìpẹ́, eku náà yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Sẹ̀kínátù, ọmọ Ìlọrin, ló ń tọ́jú àwọn eku. Láti Èkó ni ìjọba ti gbé òun náà wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, tí Rísíkàt jẹ́ àkọ́bí wọn, wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Muṣin. Ó ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n dá òun padà. Kò sí ẹni tó fèsì.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Akọ̀wé kò yé padà sídìí àgbàdo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó yí padà. Ó ń fi ẹnu gbé àjákù bébà láti Èkó lọ sí Àbújá, ó ń kó wọn jọ sí kọ̀rọ̀.

"Wò ó," ni dókítà wí, "ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ bọ̀."

Sẹ̀kínátù ní eku náà ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iná náà sì ń mú un gbọ̀n. Bóyá kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Dókítà ní ayọ̀ ló ń jẹ́ kó jẹun. Obìnrin náà tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara eku náà, dókítà dá a dúró.

"Ìyá Rísíkàt, orí rẹ̀ nìkan ló kàn mí."

"Ó dáa, ọ̀gá."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ ìjọba dé láti wò ó bóyá kí wọ́n ti ilé ìwádìí náà pa. Ọ̀gbẹ́ni Láníyì ni olórí wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó àwọn òṣìṣẹ́ wá sí Àbújá. Ìdílé tirẹ̀ wà ní Ìkòyí. Sẹ̀kínátù gbé Akọ̀wé sáàárín àgbàdo. Eku náà kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ó sáré gba ihò náà wọ Àbújá, dókítà sì tẹ bọ́tìnì. Wọ́n gbé e padà lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sáré lọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà keje, ó bu eku tó dí i lọ́nà jẹ.

Láníyì yọ jígí ojú rẹ̀. "Dókítà, ṣé orí ènìyàn lè gba wáyà yìí?"

"Orí òṣìṣẹ́ ìjọba á gbà á, sà. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀."

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wọn. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n ti gbé dókítà ga: yóò máa darí iṣẹ́ náà láti ọ́fíìsì tuntun kan l'Ékòó. Ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, Sẹ̀kínátù, ẹni tó ti fa wáyà yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ Ajé, rọra ṣí kọ̀rọ̀ àpótí tó ṣókùnkùn náà, ó sì ka àwọn ọmọ eku mẹ́jọ, tí ojú wọn kò tíì là, tí wọ́n ń fa ọmú Akọ̀wé.