Àmì Etí Ọ̀tún

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí ọmọ ewúrẹ́ kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sì lọ dùbúlẹ̀ sídìí ìkòkò omi bí onílé. Ara fu Abọ́sẹ̀dé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló padà sí ilé bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ewú lórí àti ọ̀pá lọ́wọ́, kò sì sin ẹran kankan.

“Làmídì! Ta ló ni ẹran yìí?”

Aládùúgbò rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. “Ẹran yín ni, Màmá. Ibẹ̀ ló ń sùn látìgbà tí àkọ́bí mi ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àkọ́bí yẹn ti bímọ báyìí, ẹran yìí ò dàgbà.”

Irọ́ ni! Ó jí i gbé ni, ó wá fẹ́ gbé e kọ́ òun lọ́rùn. Abọ́sẹ̀dé di etí ẹran náà mú kó lè wo àmì rẹ̀, nítorí kò sí ilé tí kì í gé etí ẹran tirẹ̀ sàmì. Etí òsì ni ilé wọn ń gé. Etí ọ̀tún ni wọ́n gé eléyìí.

Ó ti fẹ́ bú Làmídì kó tó rántí. Nígbà èwe rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣi etí ọmọ ewúrẹ́ kan gé. Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ẹran náà sì já wọgbó tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀.

Ó wo ọwọ́ tó fi di etí náà mú. Ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀.