Ṣíbí Dà?

Dókítà Abdulrauf ń dá àwọn dókítà lẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlaròó.

"Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu o! Àwọn ará oko ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ìyàwó Dókítà Abdulrauf gbé ọmọ wọn wọlé. Gìrì ti mú un.

Dókítà figbe ta: "Ṣíbí dà? Ẹ mú ṣíbí wá!"

Gbogbo dókítà ń wá ṣíbí kiri.

Mo gba ọmọ náà, mo fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kò pẹ́, ó ké.

Dókítà Abdulrauf ní, "Ẹ ṣé, dókítà. Ọsibítù wo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi ará oko tó ń bu ìrẹsì fún yín ni, sà. Gbogbo ṣíbí tí ẹ ń wá, bí ẹ ṣe figbe ta ni mo ti dì wọ́n sínú ìró mi."