Déètì Ojú Ìwé Akínbọ̀dé

Ó ti sú mi. Nílùú wa, èèyàn kì í pe ara wọn lórí fóònù mọ́. Kálukú ló ní ojú ìwé tirẹ̀ lórí ìkànnì. Bí o bá fẹ́ máa gbúròó ẹnìkan, wàá fi ìka tẹ ibi tí o fẹ́ máa ṣọ́ lójú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ bá yí padà, ògiri ilé rẹ á sọ fún ọ. Kò dìgbà tí èèyàn bá kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, déètì tó wà lókè ni àwọn àgbàlagbà máa ń tẹ̀, ògiri á wá máa pariwo láràárọ̀ lórí òfo. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yọ ọ́ láti ilé dé ilé.

Àná ni mo yọ ti Bàbá Ọ̀jẹ́wálé, mo fi àwòrán tó wà lójú ìwé Akínbọ̀dé, ọmọ rẹ̀, rọ́pò. Láàárọ̀ yìí, mo bá bàbá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ó dákẹ́ ni. Dá déètì yẹn padà fún mi."

"Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni déètì ń yí padà, bàbá. Kì í ṣe ìròyìn."

"Mo mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Akínbọ̀dé ti kọ nǹkan síbẹ̀ kẹ́yìn. Déètì yẹn ló ń jẹ́ kí ògiri máa dárúkọ rẹ̀ fún mi láràárọ̀."

Mo tẹ déètì náà padà fún un. Nígbà tó lọ, mo ka orúkọ àwọn àgbàlagbà tí mo ti yọ tiwọn lóṣù yìí. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n.

Mo gbé báàgì mi, mo forí lé ilé ẹni àkọ́kọ́ láti lọ dá tirẹ̀ padà.